Oníduró Nọ́ńbà Mẹ́ta

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Keje 2025

Sáà ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ̀ mí. Àwa mọ́kànlá péré la wá sí ìpàdé àwọn alátìlẹ́yìn lónìí. Lọ́dún tó kọjá a ju ogójì lọ. Òjò rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òjò kọ́ ló dá wọn dúró sílé. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹta láti ìsàlẹ̀ kì í ní ẹbí púpọ̀.

Ìyá Hamdalah, alága wa, ka orúkọ àwọn tó ti lọ kúrò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlúpéjọ. Gólì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó ń gbá àárín náà ti parí. Ẹni tó ń jẹ góòlù fún wa ti bá ẹgbẹ́ kan lọ sí Abẹ́òkúta, kò tilẹ̀ dágbére. Mẹ́sàn-án ló kù nínú àwọn àtijọ́. Kí oṣù Kẹsàn-án tó dé ìdajì, Kóòṣì gbọ́dọ̀ fi orúkọ èèyàn méjìdínlógún ránṣẹ́ sí lííjì. Tí orúkọ bá ti lọ, kò sí pààrọ̀ mọ́ títí di oṣù Kìíní.

Wisdom, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ní kí á má tan ara wa jẹ, ẹ̀yìn òsì wa ti darúgbó. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Táyéwò ló ń gbá ẹ̀yìn òsì, èmi sì ni oníduró rẹ̀. Mo ní, "Arúgbó tó o ń wí yẹn ni kò jẹ́ kí ó di mẹ́wàá lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ wá ní mẹ́rin." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Òjò. Iwájú géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì ti di odò. Bàtà mẹ́ta péré ni mo rán láti àárọ̀. Gọ́ọ̀mù tún ti gbówó lórí. Mo bi ẹni tó ń tà á ní Ìkọ̀tún pé kí ló dé, ó ní kí n lọ bi dọ́là.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Ìgbaradì àkọ́kọ́. Mẹ́tàlélógún ló wá. Gólì tuntun ga bí òpó iná, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá ń yí nílẹ̀ máa ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yìn ọ̀tún dára. Àárín, kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́. Iwájú ò sí.

Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Bólúwadúró, ọmọ ọdún méjìdínlógún, láti Ìjẹ̀gùn ló ti ń wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀yìn òsì lòun náà ń gbá. Ó ń sáré bí ẹni tí ọ̀kadà ń lé, kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Kò tíì gbá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí Wisdom fi nawọ́ sókè pé òun á dúró fún un: òun á máa fọ jẹ́sì rẹ̀, òun á máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn, òun á sì dáhùn fún ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú Kóòṣì lọ́jọ́ kíka orúkọ. Mo bi í bóyá ó tilẹ̀ mọ orúkọ bàbá ọmọ náà.

Ó ní, "Bàbá Oníbàtà, máa jowú lọ jàre."

Lẹ́yìn ìgbaradì, ọmọ náà gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Okùn ló fi di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ òkè. Mo sọ fún un pé mi ò ní rán bàtà fún ẹni tó ń bọ̀ wá gba ipò èèyàn mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 28

Wisdom bi mí lónìí pé kí ni Táyéwò fún mi jẹ tí mo fi ń jà fún un báyìí. Mi ò dá a lóhùn. Níbí ni mo ti fẹ́ dáhùn.

Òun ló kọ́kọ́ dé Èkó. Òun ló pè mí kúrò ní abúlé wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ilé ìwé parí tí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Ọdún mẹ́fà rèé tí a ti jọ ń gbé yàrá kan ní Ìgàndó. Lọ́dún àkọ́kọ́, aṣọ ìbora kan ṣoṣo la jọ ń bò. Ó wá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi sì jókòó síwájú géètì wọn, mo ń rán bàtà. Kò sí ọjọ́ kan tó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá níwájú mi tó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Ohun tó fún mi jẹ nìyẹn.

Ọdún tó máa fi parí rèé. Tí kò bá gbá sáà yìí, ó tán nìyẹn. Kóòṣì ti ní Táyéwò ló máa jẹ́ kapúténì.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹjọ

Mo gbé bàtà Táyéwò lé itan láti tún un rán. Ìsàlẹ̀ ti ọ̀tún ti jẹ dé ibi tí mo ti ń rí òwú. Ti òsì, bí ìgbà tí mo lẹ̀ ẹ́ ló rí. Mo yí wọn padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bàtà kì í purọ́: ẹni tí bàtà rẹ̀ bá jẹ lápá kan, apá kejì ló ń dùn ún. Kì í tẹ òsì mọ́lẹ̀.

Nígbà tó dé láti kíláàsì, mo bi í. Ó ní pápá wa ni kò tẹ́jú. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ kan péré ni pápá ò tẹ́jú fún.

Ó ní, "Ràímì, rán bàtà."

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Gbogbo wa la mọ̀ pé Kóòṣì máa ń dojú bàtà dé lẹ́yìn ìgbaradì, kó wo ìsàlẹ̀ wọn. Torí náà mo gé rọ́bà tuntun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ọ̀tún. Mo wá mú sáńpépà, mo fi ha ti òsì títí tó fi dà bí ẹni pé òun náà ti rìn. Nígbà tí mo parí, o ò lè mọ̀ pé ẹni kan tó ń tiro ló ni wọ́n.

Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ka ohun tí mo kọ yìí, ó rí bí ọ̀rọ̀ olè.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Ariwo lórí wọ́tsáàpù láti àárọ̀. Wisdom kọ ọ́ pé Táyéwò ò lè sáré padà mọ́ tó bá ti gòkè lọ, pé ọmọ òun ni kí Kóòṣì fún ní nọ́ńbà mẹ́ta. Àwọn kan gbè é. Inú bí mi. Mo kọ ọ́ pé mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi búra, ẹsẹ̀ Táyéwò le ju ti gbogbo wọn lọ, kí ẹni tó bá ní kò le wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn mẹ́tàlá fi àtàǹpàkò sí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí mo lè fi búra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

A lọ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́ lápá Ìyànà Ìpájà. Òdo sí òdo. Táyéwò gbá ogún ìṣẹ́jú, ó sì gbá a dáadáa. Ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí, á ti wà níbẹ̀ kó tó débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ sáré, orí rẹ̀ ń sáré. Bólúwadúró gbá ìyókù, eruku pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àǹfààní ò pọ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a ní láti gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá. Táyéwò gùn ún. Àtisọ̀ kalẹ̀ ló di wàhálà. Ó di irin mú, ó yí ẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àtẹ̀gùn. Obìnrin kan tó ń ta ṣáájà bi í bóyá nǹkan rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ lókè. Ó ní rárá, mà, òun kàn ń wo àwọn tó ń bọ̀ ni.

Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo sì ṣe bí ẹni tí kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 20

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Ìyá Hamdalah wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú sálúbàtà tó já. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀: wọn kì í pariwo, wọ́n á sì dúró títí èèyàn á fi sọ òótọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn rí Fẹ́kọ́mi ní Ẹ̀gbẹ́dá lánàá, ó rí àwọn, ó sì sọdá sí òdì kejì títì.

Fẹ́kọ́mi ló dúró fún gólì wa lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ kíka orúkọ, Kóòṣì bi í pé ọwọ́ gólì ńkọ́, ó ní ó le. Ọwọ́ náà wú ní ìdíje kejì. Kò sí pààrọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń gbá la fi ṣe gólì títí di oṣù Kìíní. Bí a ṣe bọ́ sí ìkẹta láti ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lé Fẹ́kọ́mi. Kò kàn wá mọ́ ni.

Nígbà tí mo dá sálúbàtà wọn padà, wọ́n bi mí pé, "Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, mà."

Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Mo fi ipá mú Táyéwò lọ sí ilé ìwòsàn. A jókòó láti aago méje títí di ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tẹ orúnkún rẹ̀, ó sì bi í iye oṣù tó ti ń dùn ún. Táyéwò ní ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní oṣù mẹ́ta gbáko ni kò gbọ́dọ̀ sáré, pé tó bá sáré lé e lórí báyìí, ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ máa já, yóò sì máa tiro títí ayé rẹ̀. Tó bá sinmi, ó lè tún gbá bọ́ọ̀lù.

Lójú ọ̀nà, Táyéwò ká ìwé tí wọ́n fún un kéékèèké, ó sì sọ ọ́ sínú gọ́tà. A dé ẹnu ọ̀nà ilé kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ràímì, mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ rí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Tí Kóòṣì bá bi ọ́, sọ pé ó le. Mo máa mọ bí mo ṣe máa gbá a."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun rò pé bẹ́ẹ̀ ni mo sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹsàn-án

Bólúwadúró ń kọjá lọ, okùn tuntun ló fi di bàtà rẹ̀. Mo pè é. Mo gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó tì mí, kò mọ ohun tó máa sọ. Kí ojú má bàa máa tì í, mo ní ó ti ń dúró síbi tó dáa díẹ̀díẹ̀ báyìí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Táyéwò ló kọ́ mi. Wọ́n ní kí n má wo bọ́ọ̀lù mọ́, kí n máa wo èjìká ẹni tó ń bọ̀."

Mo bi í pé ìgbà wo ni Táyéwò ń kọ́ ọ. Ó ní ní gbogbo àárọ̀ kí àwọn tó kù tó dé ni.

Táyéwò ò sọ èyí fún mi rí. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kàn mi.

Abẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn pápá la jókòó sí. Òjò ti dá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró lápá kan, àwa oníduró lápá kejì. Kóòṣì Ọláníyan mú ìwé rẹ̀ jáde, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ lọ́dọọdún, pé agbábọ́ọ̀lù á purọ́ fún òun, òun ò sì bá a wí, nítorí òun náà purọ́ nígbà tí òun ń gbá. Oníduró lòun máa ń bi.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí gólì. Orúkọ, ìbéèrè, ìdáhùn. Ó le. Ó le. Ó le, ṣùgbọ́n ó lórí kunkun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dé nọ́ńbà mẹ́ta.

"Táyéwò. Ta ló dúró fún un?"

Mo dìde. Mo ní èmi ni, sà.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo wo Táyéwò. Kò bojú wo ibòmíì. Ojú rẹ̀ balẹ̀, ojú ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ò ní já òun kulẹ̀. Mo rántí aṣọ ìbora. Mo rántí afárá náà, bó ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn.

Mo ní, "Kò le, sà. Orúnkún òsì ni. Wọ́n ní kó sinmi oṣù mẹ́ta. Èmi ni mo ha bàtà rẹ̀ kí ẹ má bàa mọ̀."

Kóòṣì wò mí pẹ́, ó wá wo Táyéwò, ó sì fi báírò fa ìlà sórí orúkọ kan. Ó béèrè ẹni tó dúró fún Bólúwadúró. Wisdom dìde, ó rọra ní ó le, sà, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Táyéwò gbé báàgì rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì ní, "O ṣeun."

Ọjọ́ Ajé, 8

Omi ìwẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni Táyéwò gbé kaná láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Orúkọ ti lọ sí lííjì. Ẹnì kan pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ lórí wọ́tsáàpù, òmíràn ní ẹni tó bá lè ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ta ẹgbẹ́. Mo ń kọ èsì lọ́wọ́ nígbà tí Wisdom ṣáájú mi. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Èwo nínú yín ló lè sọ ọ́?"

Lẹ́yìn náà ló nawọ́ bọ́tìlì omi tútù kan sí mi láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Ìdíje àkọ́kọ́. Wọ́n jẹ wá ní ẹyọ kan. Láti ọ̀tún ló ti wọlé, kì í ṣe láti òsì. Iwájú wa ṣì ṣófo. Sáà yìí máa gùn.

Nígbà tó ku ìdajì, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ìlà òsì. Táyéwò ni. Ó fara ti ògiri, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gùn gbọọrọ níwájú rẹ̀, ó ń pe Bólúwadúró. "Èjìká. Wo èjìká." Ọmọ náà dúró, kò sáré mọ́, bọ́ọ̀lù sì wá bá a níbi tó dúró sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo kí Táyéwò lẹ́yìn ìdíje. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tí kò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹwàá

Ìdíje mẹ́rin, àmì mẹ́rin. A ti kúrò ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Wisdom ò mọ aṣọ fọ̀, jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́ta ti di àwọ̀ pupa ẹyin. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ fún un. Ó ti mọ́ mi lára.

Nínú yàrá, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ṣúgà" ni Táyéwò ṣì ń wí fún mi. Ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ mo ń fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kọkànlá

Òjò ti lọ, eruku ti dé. Wọ́n jẹ wá lánàá, ṣùgbọ́n àwa náà jẹ méjì.

Mi ò tíì jókòó dáadáa láàárọ̀ yìí tí Táyéwò fi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ju bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sórí tábìlì mi. Mi ò mọ̀ pé ó tún ń wọ̀ wọ́n. Ó ní nọ́ọ̀sì ti ní orúnkún náà tètè ń san, kí òun máa sáré jẹ́jẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, láàárọ̀, kí àwọn èèyàn tó dé pápá. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá mi sọ láti oṣù Kẹsàn-án nìyẹn.

Mo dojú bàtà dé. Ti ọ̀tún ti jẹ díẹ̀. Mo yí ti òsì padà. Mo gbé e síta sínú oòrùn kí n lè rí i dáadáa, mo fi àtàǹpàkò pa á láti gìgísẹ̀ dé ibi ọmọ ìka. Ó ti jẹ. Kì í ṣe sáńpépà. Ilẹ̀ ló jẹ ẹ́, ó sì jẹ ẹ́ dọ́gba.

Oṣù Kìíní ò jìnnà mọ́.

Ó ní, "Ràímì, rán bàtà."